Èdè Méjì Lẹ́nu Ọmọ Ọdún Méjì

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ìyá ọ̀dọ́ tí mo ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga máa ń mú wá bá mi, pàápàá àwọn tí wọ́n ti bí àkọ́bí wọn kí wọ́n tó parí ẹ̀kọ́. Wọn kì í bi mí nínú kíláàsì. Wọn a dúró títí àwọn ẹgbẹ́ wọn yóò fi jáde tán, wọn a wá sún mọ́ tábìlì mi, wọn a ní: "Mà, tí mo bá ń sọ Yorùbá sí ọmọ mi nílé, ṣé kò ní dàrú mọ́ ọn lójú nígbà tí ó bá dé jẹ́lé-ó-sinmi? Ṣé kò ní pẹ́ kí ó tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì?"

Ẹ̀rù tí ó wà nídìí ìbéèrè yìí kì í ṣe ẹ̀rù yẹpẹrẹ. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ yóò fi ṣe ìdánwò, òun ni yóò fi wá iṣẹ́, òun sì ni àwọn ènìyàn kan fi ń díwọ̀n làákàyè ẹni kí wọ́n tó gbọ́ ohun tí ẹni náà fẹ́ sọ. Ìyá tí ó bá fẹ́ ire fún ọmọ rẹ̀ kò ní ṣàì ro èyí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin abiyamọ bá mi yẹ̀ wò ni bóyá òótọ́ ni pé ọ̀kan nínú èdè méjèèjì gbọ́dọ̀ jáde kí èkejì tó rí àyè wọlé. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, n ó sì sọ ìdí rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ ilé tèmi náà.

Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin. Ọmọ Yorùbá ni èmi àti bàbá rẹ̀, Yorùbá ni a sì ń sọ nínú ilé. Ìyá ọkọ mi, ẹni tí ó ti wá ń bá wa gbé ní Ìbàdàn láti ìgbà tí mo ti bímọ, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ṣùgbọ́n láti aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán, ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń sọ sí i ní jẹ́lé-ó-sinmi. Báyìí ni ọmọ náà ṣe di elédè méjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó gbèrò rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fetí sí i yóò rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ṣúù mi dà?" ni yóò wí fún mi. "Mo fẹ́ mílíìkì, ó ti fíníìṣì." Àwọn kan a ní àmúlùmálà ni èyí, pé ọmọ kò mọ èyí tí ó ń sọ mọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n ti fetí sí àwọn ọmọ elédè méjì ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti rí i pé bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn: ọ̀rọ̀ tí ó bá kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu ni yóò lò, gẹ́gẹ́ bí alásè tí kò rí orógùn nítòsí ṣe ń fi ìgbakọ ro ọbẹ̀. Kí ó tó pé ọdún méjì ni tèmi ti mọ̀ pé "omi" ni a ń tọrọ lọ́wọ́ ìyá àgbà, àti pé "wọ́tà" ni ti àǹtí jẹ́lé-ó-sinmi. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ. Ó dán "wọ́tà" wò lọ́dọ̀ ìyá àgbà lẹ́ẹ̀mejì, ìyá àgbà ń wò ó láìdáhùn, òun náà sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Ohùn pípè rẹ̀ tún jẹ́ ìyanu fún mi. Ahọ́n rẹ̀ kò tíì lè gbé "gb". "Ibá" ni ó ń pe igbá. Síbẹ̀ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kì í ṣì í lẹ́nu. Tí ó bá ní ọkọ̀, èyí tí bàbá rẹ̀ ń wà ni. Tí ó bá ní ọkọ́, èyí tí ìyá àgbà fi ń tọ́jú ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé ni. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀wẹ̀, "hí" ni gbogbo ènìyàn lójú rẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin, nítorí pé "ó" kan ṣoṣo ni Yorùbá fi ń pe àwọn méjèèjì. Àwọn àǹtí rẹ̀ rò pé àìgbọ́ ni. Lójú tèmi, ọmọ tí ó ń ronú ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ó pé oṣù méjìlélógún, wọ́n ránṣẹ́ pè wá ní jẹ́lé-ó-sinmi náà. Olórí ilé-ẹ̀kọ́, obìnrin tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, sọ fún wa pé ọmọ wa kì í sọ̀rọ̀ tó ẹgbẹ́ rẹ̀, kí a jọ̀wọ́ pa Yorùbá tì nílé títí yóò fi wọ kíláàsì ńlá. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́. Lójú ọ̀nà, ọkọ mi kò sọ̀rọ̀. Ìgbà tí a délé ni ó ní bóyá kí a gbìyànjú rẹ̀ wò. Mo mọ ibi tí ó ti ń sọ̀rọ̀: wọ́n ti fi òun náà ṣe ẹlẹ́yà rí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama nítorí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, kò sì fẹ́ kí irú rẹ̀ bá ọmọ rẹ̀. A kò mọ̀ pé ìyá rẹ̀ wà nínú yàrá, tí ó ń gbọ́ wa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, obìnrin yìí pọn ọmọ, kò sì bá a sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tí oríkì kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀! Nígbà tí mo bi í léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó ní: "Ìyàwó mi, n kò fẹ́ ba ọmọ yín jẹ́ ni."

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn. Bí a bá pa Yorùbá tì, ìyá ọkọ mi di odi nínú ilé ọmọ tí ó bí.

Ìṣirò ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tí ó bá ń kọ́ni ní ìtọ́jú ilé a máa fẹ́ wọn ohun gbogbo kí ó tó gbé e kaná. Mo fi ìwé kékeré kan kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fìríìjì, mo so pẹ́ńsù mọ́ ọn, mo sì ní kí gbogbo ará ilé máa kọ ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá sọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ìyá àgbà a máa sọ èyí tí ó bá gbọ́ fún mi, èmi a sì bá a kọ ọ́. Ní ìparí ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ Yorùbá jẹ́ 43, ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 29. 14 péré nínú wọn ni ó ní ẹnìkejì, bí omi àti "wọ́tà", bàtà àti "ṣúù". Àpapọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ 72. Ṣùgbọ́n 29 nìkan ni wọ́n ń gbọ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi, òun ni wọ́n sì fi ń wé ọmọ tí ó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan láti ilé, tí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nínú àpò kan ṣoṣo. Ta ni yóò ka owó àpò ọ̀tún nìkan, tí yóò wá ní tálákà ni oníṣòkòtò? Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ọ̀rọ̀ sísọ gan-an, èdè méjèèjì ni wọ́n ń kà pọ̀ kí wọ́n tó sọ pé ọmọ pẹ́.

N kò wí pé kí abiyamọ káwọ́ gbera o. Ọmọ tí kì í yíjú sí ariwo, tàbí tí kì í dáhùn sí orúkọ rẹ̀ nígbà tí ó ti pé ọdún kan. Ọmọ oṣù méjìdínlógún tí kò ní ọ̀rọ̀ kan nínú èdèkédè. Ọmọ ọdún méjì tí kò tíì máa so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Àti ọmọ tí ó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà tún wá ń dín kù lẹ́nu rẹ̀: ẹ tètè gbé irú wọn lọ sí ilé-ìwòsàn, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ etí rẹ̀ wò. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èdè méjì, ó ń ṣe ọmọ elédè kan náà. Bí a bá gba èdè kan lọ́wọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kò ní wò ó sàn. Tèmi ti ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ nígbà náà. "Dádì lọ" ni ó kọ́kọ́ so, gbogbo ohun tí mo ṣe fún un kò jẹ́ kí ó fi tèmi ṣáájú!

Mo tún rán ọkọ mi létí iṣẹ́ kan tí a ṣe nítòsí wa níhìn-ín. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko. Wọn kò yọ Gẹ̀ẹ́sì kúrò. Wọ́n ń kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, olùkọ́ tí ó dáńgájíá nínú rẹ̀ ni ó sì ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi wé wọn ń ṣe bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n dán gbogbo wọn wò, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn nínú iṣẹ́ kankan, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Láti ìgbà náà ni ìjọba ti ń yí ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni ní ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kéde pé àwọn ti fagi lé e, kí Gẹ̀ẹ́sì padà sí ipò rẹ̀. Èyíkéyìí tí wọn ì báà fọwọ́ sí, mínísítà kì í bá wa jókòó nídìí ààrò.

Báyìí ni a fi fohùn ṣọ̀kan pé Yorùbá yóò wà nílé wa. Mo mú ìwé ẹ̀gbẹ́ fìríìjì náà lọ bá olórí ilé-ẹ̀kọ́. Ó yẹ̀ ẹ́ wò fún ìgbà pípẹ́. Kò sọ pé a jàre. Ó ní òun yóò fi sílẹ̀ títí di ìparí sáà, kí òun rí i. Ṣùgbọ́n àǹtí tí ó ń fún àwọn ọmọ lóúnjẹ bẹ̀ mí kí n ṣe àdàkọ díẹ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà fún òun, nítorí pé ilẹ̀ Ìgbò ni òun ti wá, òun kò sì mọ ìgbà tí ọmọ bá ní òun ti yó. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo gbọ́ tí ìyá àgbà ń ki ọmọ nínú yàrá.

Ẹ ó bi mí pé, níbo ni obìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ yóò ti rí àkókò láti kọ́ ọmọ ní èdè? N kò ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún un, nítorí pé n kò ní in. Ìwé ìdánwò a máa ga bí òkìtì lórí tábìlì mi ní ìparí sáà. Aago márùn-ún ni mo ń jí. Ní ọjọ́ Sátidé ni mo ti ń se ọbẹ̀ ata tí a óò jẹ láàárín ọ̀sẹ̀, tí mo ń pín in sínú abọ́ kéékèèké onídèérí, kí ó lè jẹ́ pé ògì pípò àti àkàrà díndín nìkan ni ó kù fún òwúrọ̀. Àyè tí èyí bá ṣí sílẹ̀ ni mo fi ń wẹ ọmọ fúnra mi, ìwẹ̀ náà sì ni ẹ̀kọ́ wa àkọ́kọ́. Ibi tí kànrìnkàn bá dé ni mo ń dárúkọ: èjìká, ìgúnpá, ìdodo, orúnkún, gìgísẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, a bọ́ sí ìdí ìdáná. Ọmọ ọdún méjì kò gbọdọ̀ sún mọ́ sítóòfù, ṣùgbọ́n ó lè jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà kí ó máa bá ìyá àgbà ṣa ẹ̀wà lórí atẹ. Kí ẹ ṣọ́ ọ o, kí ó má baà ti ẹ̀wà bọ imú. Òkúta tí ó bá rí ni ó ń kà: "Ení, èjì, ẹ̀ta, fọ́ọ̀, fáìfù." N kì í dá a dúró. Ó mọ asẹ́, ó mọ orógùn, ó mọ ìgbakọ àti ọlọ, àwọn orúkọ tí púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í lè pè àfi kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì júwe rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ni ó ni alẹ́, nígbà tí mo bá ń yẹ ìwé wò. Ìwé alàwòrán kan ní Gẹ̀ẹ́sì, àlọ́ Ìjàpá kan ní Yorùbá, kúkurú ni méjèèjì. A kì í gbé fóònù fún un kí ó lè dákẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọdún 2019 gbani nímọ̀ràn pé kí ọmọ ọdún méjì má ṣe wo àwòrán ojú ẹ̀rọ ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, kí ó tilẹ̀ má tó bẹ́ẹ̀ ni ó dára jù. Àwòrán ojú fóònù a máa sọ Gẹ̀ẹ́sì dídán, ṣùgbọ́n kì í dúró gbọ́ èsì.

Ohun tí ó ṣì le ni "o" àti "ẹ". "Màmá àgbà, o wá" ni ó ń wí, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ìyàtọ̀ yìí, nítorí náà ilé nìkan ni yóò ti kọ́ ọ. Mo kọ̀ kí ẹnikẹ́ni nà án nítorí rẹ̀. A ń tún un pè fún un jẹ́jẹ́: "Ẹ wá, mà." Ìdọ̀bálẹ̀ ni kò nira fún un, yóò na gbalaja sílẹ̀ láàárọ̀, kò sì ní fẹ́ dìde mọ́.

Ní oṣù kẹsàn-án ni yóò wọ kíláàsì tí ó tẹ̀ lé e, a sì ti ń wo àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn. Ìbéèrè kan ni mo ń bi wọ́n níbikíbi tí a bá dé: bí ọmọ bá fi Yorùbá sọ pé inú ń run òun, kí ni olùkọ́ yóò ṣe? Níbi àkọ́kọ́, wọ́n ní àwọn yóò kọ́kọ́ ní kí ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, a sì jáde. Níbi kejì, ìbéèrè náà ya olùkọ́ lẹ́nu. Ó ní òun yóò gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì ni, kí ni òun ìbá tún ṣe? Fọ́ọ̀mù ibẹ̀ wà lórí tábìlì nílé báyìí. Owó wọn ga ju ti ibi tí ó wà lọ, èmi àti ọkọ mi sì ń ṣe ìṣirò rẹ̀ lọ́wọ́.