Pọ́ǹpù olówó pọ́ọ́kú fún ẹ̀rọ léètì: ẹ wo gíga kí ẹ tó wo lítà

Láti ọdún 2025 tí Amẹ́ríkà ti fòpin sí àyè tó ń jẹ́ kí ẹrù tí kò ju dọ́là 800 lọ wọlé láìsan owó ibodè, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n ọjà kò kúrò nínú ìròyìn. Ó kan àwọn tó ń fi léètì gé irin nínú gáréèjì wọn níbẹ̀, torí Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi ń da omi ìtutù sórí irin ti ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan báyìí kò gbọ́dọ̀ rà á sọnù.

Omi yìí ṣe pàtàkì. Ní àwọn ọdún 1880, Frederick Taylor rí i nílé iṣẹ́ irin Midvale, ní Philadelphia, pé bí omi púpọ̀ bá ń dà sójú ibi tí ọ̀bẹ ti ń gé irin, iṣẹ́ lè fi ìdá 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún yá sí i. Omi púpọ̀ ni o, kì í ṣe omi tó ń tú jáde pẹ̀lú ipá.

Nọ́ńbà méjì tó wà lára páálí ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Ká ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé pọ́ǹpù kan ń gbé 800 lítà ní wákàtí kan, pé ó sì ń gbé omi dé mítà 2. Òótọ́ ni méjèèjì, àmọ́ ẹ ò lè rí wọn gbà pa pọ̀. Ìgbà tí omi kò gòkè rárá ló ń gbé 800 lítà. Tó bá dé mítà 2, omi á kàn dúró sínú róbà ni, ẹ̀kán kan kò ní jáde. Tí ẹnu róbà bá fi mítà kan àti ààbọ̀ ga ju ojú omi inú táǹkì lọ, díẹ̀ nínú 800 yẹn lẹ máa rí. Róbà tóóró tún ń jẹ nínú rẹ̀: bí ihò róbà bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ìdènà á dín kù ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé kí gíga tí wọ́n kọ sára pọ́ǹpù tó ìlọ́po méjì èyí tí ẹ nílò, kẹ́ ẹ wá fi tápù dín omi kù. Pọ́ǹpù tó ń fi abẹ̀bẹ̀ ju omi kì í bínú sí tápù. Iṣẹ́ mọ́tò rẹ̀ á tiẹ̀ fúyẹ́ ni. Ti oníjíà, ìyẹn èyí tó ń fi eyín jíà ti omi, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá dí i lẹ́nu, ipá á máa ga títí nǹkan á fi bẹ́, èérún irin á sì jẹ eyín jíà náà.

Owó pọ́ǹpù adágún ẹja ló kéré jù, àmọ́ òòfà ló ń yí nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ tú u wò lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá gé irin: ìyẹ̀fun dúdú á ti hù yí òòfà náà ká bí irùngbọ̀n. Òróró inú omi ìtutù sì lè mú kí àwọn róbà inú rẹ̀ wú. Lójú tèmi, ó tó fún ẹni tó ń gé alumíníọ́mù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń gé irin lójoojúmọ́, kó ra èyí tí mọ́tò rẹ̀ dúró lórí táǹkì, tó jẹ́ ọ̀pá àti abẹ̀bẹ̀ nìkan ló wọnú omi, torí kò sí róbà ìdímú lábẹ́ omi tí òróró máa bà jẹ́. Kó dá táǹkì náà sí méjì, kí èérún irin rọlẹ̀ sí apá kìíní, kí pọ́ǹpù sì wà ní apá kejì, kó má fara kan ìsàlẹ̀.