Òjò Dídì Ti Ilé Ẹ̀kọ́ Pa: Bí Òbí Ṣe Lè Tètè Gbọ́

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀gá àgbà tó ń ṣàkóso àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní káúńtì tàbí ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu bóyá ọmọ á lọ sílé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ tí òjò dídì bá bo ilẹ̀. Nítorí náà, káúńtì Prince George's ní Maryland, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, lè ti ilé ẹ̀kọ́ pa nígbà tí Washington tó múlé tì í ṣí tirẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ á ti wa ọkọ̀ kiri láti mọ bí títì ṣe ń yọ̀ tó, wọ́n á sì gbọ́ tẹnu àwọn tó ń gbá òjò dídì kúrò lójú ọ̀nà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí ni ìkéde máa ń jáde. Òbí tó ń kúrò nílé ní aago mẹ́fà ní wákàtí kan péré láti wá ẹni tí yóò dúró ti ọmọ. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ètò àtigbọ́ ìròyìn ti wà nílẹ̀ kí òtútù tó dé.

Oríṣiríṣi ni ìkéde náà. Wọ́n lè ti ilé ẹ̀kọ́ pa pátápátá. Wọ́n lè sún ìwọlé síwájú ní wákàtí méjì, kí bọ́ọ̀sì aago méje wá dé ní aago mẹ́sàn-án. Wọ́n lè ní kí àwọn ọmọ tètè máa lọ sílé lọ́sàn-án, tàbí kí wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ nílé lórí kọ̀ǹpútà, bí New York ṣe ṣe ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 2024, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò rí ojú òpó náà wọ̀ láàárọ̀. Òtútù nìkan pàápàá tó láti ti ilé ẹ̀kọ́: bẹ́ẹ̀ ló rí ní Chicago ní ọjọ́ 30 àti 31 oṣù Kìíní ọdún 2019.

Ọ̀nà tó yá jù láti gbọ́ ni èyí tí ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ń lò: ìpè orí fóònù, àtẹ̀jíṣẹ́, ímeèlì àti áàpù. Nọ́ńbà àti àdírẹ́sì ímeèlì tí òbí kọ sínú fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ ni ìkéde náà ń lọ sí. Òbí tó bá pààrọ̀ nọ́ńbà láì sọ fún ilé ẹ̀kọ́ kò ní gba ìpè tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ kankan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ó yẹ kí bàbá àti ìyá fi nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀. Ní àwọn ibì kan, òbí ní láti kọ́kọ́ dáhùn pé òun gbà kí àtẹ̀jíṣẹ́ máa wọlé. Bí fóònù bá máa ń dákẹ́ lóru, kí a tò ó kí nọ́ńbà ilé ẹ̀kọ́ lè dún.

Rédíò àti tẹlifíṣàn kò tíì kúrò lójú iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ rédíò WTOP ń kéde fún agbègbè Washington, ilé iṣẹ́ rédíò 1010 WINS sì ń kéde fún New York. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún Notify NYC, lọ́fẹ̀ẹ́, á máa gba ìkìlọ̀ ìjọba ìlú New York. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni àti ibi ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ lè má tẹ̀ lé ìpinnu ìjọba, nítorí náà kí òbí béèrè ìlànà wọn.

National Weather Service, àjọ ojú ọjọ́ ìjọba àpapọ̀, máa ń kìlọ̀ ṣáájú. Winter Storm Watch ń sọ pé ìjì òjò dídì lè dé; Winter Storm Warning ń sọ pé ó ti ń bọ̀ tàbí pé ó ti dé. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó gbọ́n: lálẹ́ ọjọ́ tí Warning bá jáde ni kí òbí ti bá ẹbí tàbí aládùúgbò ṣe àdéhùn.

Ìkéde lè dé lọ́sàn-án gangan. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 2014, òjò dídì tí kò tó ínǹṣì mẹ́ta rọ̀ ní Atlanta. Ilé ẹ̀kọ́ àti ilé iṣẹ́ tú ènìyàn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, títì dí pa, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ sì sùn sílé ẹ̀kọ́ mọ́jú. Ó yẹ kí orúkọ ẹnì kan tó ń gbé nítòsí wà nínú fọ́ọ̀mù, ẹni tí ilé ẹ̀kọ́ lè fa ọmọ lé lọ́wọ́. Òtútù lè mú kí iná lọ pẹ̀lú: ní oṣù Kejì ọdún 2021, iná mànàmáná lọ ní ilé àti ilé iṣẹ́ tó ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ ní Texas. Rédíò tó ń lo bátìrì ló wúlò nírú àkókò bẹ́ẹ̀, nígbà tí fóònù bá ti kú.

Ìkéde orí WhatsApp lè jẹ́ ti ọdún tó kọjá. Kí òbí wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, kó sì yẹ ojú òpó ilé ẹ̀kọ́ wò. Ilé ẹ̀kọ́ tó sún ìwọlé síwájú ní ìdájí lè padà tì pa kó tó di aago méje, nítorí náà ó yẹ kí òbí tún wo fóònù lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọmọ tó wọ bàtà.