Bí Erè Bá Ń La Ẹnu Mí

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Parakou, àti ẹ̀yin ará abúlé tí ẹ wà lójú ọ̀nà Tchaourou títí dé Savè, ẹ mọ erè kékeré tí ó máa ń ká ara rẹ̀ jọ rìbìtì bí bọ́ọ̀lù nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Ní èdè Faransé, python royal ni orúkọ rẹ̀. Kò ní oró. Inú ihò eku àti inú òkìtì ikán ni ó ń gbé, eku ni ó sì ń jẹ. Àgbẹ̀ tí ó bá pa á, àwọn eku tí ń jẹ àgbàdo rẹ̀ ni ó ràn lọ́wọ́.

Oríṣiríṣi ènìyàn ni ó ń tọ́jú erè yìí ní ilẹ̀ wa. Ní Ouidah, ilé òrìṣà àwọn erè dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì. Dangbé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pa á. Àwọn mìíràn ń wá a kiri oko ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí abo bá lóyún tàbí tí ó bá ń sàba lé ẹyin rẹ̀. Wọ́n ń tà á fún àwọn tí ń sin erè ní gúúsù. Ibẹ̀ ni ẹyin ti ń pa, tí wọ́n sì ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń sìn ín nínú ilé bí a ti ń sin ajá. Láti Benin, Togo àti Gánà ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú erè tí a ń mú láti inú igbó báyìí ti ń lọ sí òkè òkun.

Kí erè tó dé ọwọ́ ẹni tí yóò rà á, ó lè lo ọjọ́ púpọ̀ nínú àpò tàbí nínú agbọ̀n. Ibẹ̀ ni àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ti sábà máa ń mú un. Ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀ kì í tètè mọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni yóò bá a ní òkú, yóò sì sọ pé ejò náà kàn kú ni.

Ìdí tí a kì í fi tètè mọ̀ ni pé ejò kò lè wúkọ́. Àwa ènìyàn, àti ewúrẹ́, àti màlúù, ní iṣan pẹlẹbẹ kan láàrin àyà àti ikùn. Iṣan yìí ni ó ń ràn wá lọ́wọ́ láti mí, òun náà ni ó sì ń ràn wá lọ́wọ́ láti wúkọ́, kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lè jáde. Ejò kò ní iṣan yìí. Egungun ìhà rẹ̀ àti ẹran tí ó wà láàrin wọn ni ó fi ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Nítorí náà, bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kò sí agbára tí yóò fi tì í jáde. Ó kàn ń pọ̀ sí i níbẹ̀ ni. Bí ó bá di ọyún, ọyún ejò kì í ṣàn bí tiwa. Ó máa ń ki bí wàràkàṣì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí erè tí ara rẹ̀ dá ṣe ń mí. Ẹnu rẹ̀ wà ní pípadé. A kò gbọ́ ohùn kankan. Ìhà rẹ̀ wú díẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, lẹ́yìn náà ó dúró pẹ́ kí ó tó mí òmíràn. Ẹ má ṣe bẹ̀rù ìdúró náà. Bí erè ti ń ṣe nìyẹn.

Èyí tí ó ń ṣàìsàn yàtọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ohùn kékeré bí ìgbà tí omi ń hó nínú ìkòkò, tàbí bí ìgbà tí ènìyàn ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú igi ìbẹ́pẹ. Ẹ gbé etí sún mọ́ agbọ̀n ní òru nígbà tí ilé bá dákẹ́, ẹ ó gbọ́ ọ. Lẹ́yìn èyí ni itọ́ tí ń fà yóò hàn ní etí ẹnu rẹ̀, tàbí ìfófòó ní imú. Bí ẹ bá rí i tí ó gbé orí àti ọrùn rẹ̀ sókè bí ẹni tí ń wo òrùlé, tí kò gbé e sílẹ̀, ẹ mọ̀ pé ó ń wá bí afẹ́fẹ́ yóò ṣe ráyè gba àárín kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kọjá ni. Èyí tí ó burú jù ni kí ó máa la ẹnu mí. Ejò tí ó bá dé ibẹ̀ kò ní ọjọ́ púpọ̀ mọ́ bí a kò bá tọ́jú rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra níhìn-ín, nítorí kì í ṣe gbogbo ariwo ni àìsàn. Erè tí ó fẹ́ bọ́ awọ máa ń fun fèrè díẹ̀ ní imú, nítorí awọ àtijọ́ ti dí ihò imú rẹ̀. Ẹ wo ojú rẹ̀. Bí ojú bá funfun bí ẹni pé èéfín bò ó, ẹ dúró kí ó bọ́ awọ náà tán, kí ẹ sì tún tẹ́tí sí i. Erè tí ẹ̀rù ń bà máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kíkan, ṣùgbọ́n yóò dákẹ́ bí ẹ bá fi í sílẹ̀. Erè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé eku mì máa ń yán ẹnu lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì láti tún àgbọ̀n rẹ̀ tò. Èyí tí a gbé sínú oòrùn náà lè la ẹnu nítorí ooru: ẹ tètè gbé e sí ibòji.

Àìjẹun nìkan kì í ṣe àmì àìsàn. Abo tí ó ń sàba kì í jẹun títí ẹyin rẹ̀ yóò fi pa, èyí sì ń gba nǹkan bí oṣù méjì. Akọ náà lè lo oṣù púpọ̀ láìjẹun, kí ara rẹ̀ sì dá ṣáká.

Ohun kan tún wà tí ó ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí lọ. Bí ẹ bá rí ejò kan nínú oko tí ó ká jọ, tí ó sanra, tí ó sì ń mí tagbára-tagbára, ẹ má ṣe rò pé erè tí ń ṣàìsàn ni. Ó lè jẹ́ paramọ́lẹ̀. Bí paramọ́lẹ̀ ti ń kìlọ̀ fún ènìyàn nìyẹn, oró rẹ̀ sì ń pa ènìyàn. Ẹ fà sẹ́yìn. Ohun tí mo ń sọ nínú ìwé yìí kan ejò tí ẹ ti mọ̀ dájú pé erè ni.

Kí ni ó ń fa àìsàn náà? Òtútù ni olórí rẹ̀. Ọdẹ àgbà kan bi mí ní kíláàsì alẹ́ pé ṣé òtútù máa ń mú ejò ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá, ó sì ń mú un ju àwa lọ. Ara wa ń ṣe ooru fún ara rẹ̀, ara ejò kò lè ṣe é. Bí ilé bá tutù, òun náà tutù, ara rẹ̀ kò sì ní agbára láti bá kòkòrò àrùn jà. Erè ń fẹ́ ooru díígírì 27 sí 32. Ṣùgbọ́n ní àsìkò ọyẹ́, ní oṣù Ọ̀pẹ àti oṣù Ṣẹ́rẹ́, òru Parakou lè tutù ju díígírì 20 lọ. Nínú igbó, erè á wọ inú ihò jìnnà, níbi tí ooru ilẹ̀ wà. Èyí tí ó wà nínú àpò lórí sìmẹ́ńtì kò ní ibi tí yóò sá sí. Bí àpò náà bá tún tutù nítorí ìtọ̀, tí ejò mẹ́wàá sì há sínú rẹ̀, àìsàn ti rí ilé gbé. Èéfín ilé ìdáná àti eruku ọyẹ́ tún ń ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́.

Bí ẹ bá ti rí àmì àìsàn, ẹ ya ejò náà sọ́tọ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, kí ó wà ní yàrá mìíràn. Ẹ tọ́jú àwọn tí ara wọn dá kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀, kí ẹ má baà fi ọwọ́ gbé àrùn lọ bá wọn. Ẹ fi í sínú àpótí tí ó ní ihò afẹ́fẹ́, kí ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn tàbí aṣọ gbígbẹ sí ìsàlẹ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ nígbàkúùgbà tí ó bá ti tutù. Bí kò bá sí iná mànàmáná, ẹ rọ omi gbígbóná sínú bídọ́ọ̀nù, ẹ dé e dáadáa, ẹ fi aṣọ tí ó nípọn wé e, kí ẹ gbé e sí ìhà kan àpótí náà. Ìhà kan ṣoṣo, mo wí. Bí ooru bá pọ̀ jù fún un, kí ó lè rọra sún sí ìhà kejì. Ẹ pààrọ̀ omi náà ní alẹ́ àti ní àárín òru. Ẹ má ṣe gbé àwo iná ẹ̀ẹ́dú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé omi mímu tí ó mọ́ síwájú rẹ̀.

Ẹ fi aṣọ mímọ́ tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu itọ́ tí ó wà ní ẹnu àti imú rẹ̀. Ẹ má ṣe ki nǹkan kan bọ inú ẹnu náà: kì í ṣe òrí, kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe àgbo. Ní ìsàlẹ̀ ẹnu ejò ni ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wà. Ohun tí a bá dà sí ẹnu rẹ̀ lè gba ibẹ̀ lọ tààrà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má ṣe fi agbára bọ́ ọ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ oògùn ni ó ń dùn mí jù. Àwọn kan ń ra kápúsù tetracycline, aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò, lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri oògùn lọ́jà. Wọ́n ń tú u, wọ́n ń dà á sínú omi ejò. Ejò tí ń ṣàìsàn kì í mu omi púpọ̀, nítorí náà ìwọ̀nba tí ó ń dé ara rẹ̀ kò lè pa àrùn. Ó ń kọ́ àrùn náà ní bí a ti ń fara da oògùn ni. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2017, ìjọba kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ oògùn bẹ́ẹ̀ ní ọjà Adjégounlè ní Cotonou. Síbẹ̀, wọn kò tíì tán ní ìgboro.

Dókítà ẹran ni kí ẹ gbé e lọ bá. Parakou ní àwọn dókítà ẹran, ó sì ní ilé àyẹ̀wò àrùn ẹran tí a ń pè ní LADISERO. Lóòótọ́, màlúù, àgùntàn àti adìẹ ni wọ́n ń rí jù. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Ẹ sọ fún un ọjọ́ tí ẹ mú ejò náà, ibi tí ó sùn, ọjọ́ tí ariwo bẹ̀rẹ̀, àti oògùn tí ẹ ti lò. Yóò wọ̀n ọ́n kí ó tó fún un lábẹ́rẹ́, nítorí àwọn abẹ́rẹ́ kan wà tí ń ba kíndìnrín ejò jẹ́ bí wọ́n bá pọ̀ jù tàbí bí omi ara rẹ̀ bá ti gbẹ. Ìtọ́jú náà lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ má ṣe dá abẹ́rẹ́ dúró nítorí pé ariwo ti dákẹ́.

Ẹlòmíràn ń bẹ̀rù láti lọ nítorí pé kò ní ìwé àṣẹ. Òótọ́ ni pé erè wà lára àwọn ẹranko tí àdéhùn CITES láàrin àwọn orílẹ̀-èdè ń ṣọ́, òfin ilẹ̀ Benin ti ọdún 2021 sì sọ̀rọ̀ lórí títà irú wọn sí òkè òkun. Ẹni tí ó ń ṣe òwò náà, kí ó lọ bá àwọn Eaux et Forêts kí ó tó mú erè, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti kó ogún sínú ilé. Ẹni tí kò bá sì lè tọ́jú wọn ní ibi gbígbẹ tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ó fi wọ́n sílẹ̀ nínú ihò wọn, kí wọ́n máa bá a pa eku.

Àwọn àrùn kan wà tí abẹ́rẹ́ kò lè pa. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú irú erè yìí gan-an, tí ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kò sí oògùn rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ ya ejò sọ́tọ̀. Fún ìdí kan náà, erè tí ó ti ṣàìsàn rí, bí ó tilẹ̀ ti sàn, ẹ má ṣe dá a padà sínú igbó láìbi dókítà, kí ó má baà kó o ran àwọn ti inú oko.

Ní ti àwa tí a ń tọ́jú rẹ̀, erè tí ara rẹ̀ dá pàápàá lè ní kòkòrò salmonella nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Kòkòrò yìí ń fún ènìyàn ní ìgbẹ́ gbuuru àti ibà, ó sì ń ṣe àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún níbi ju àgbà lọ. Ẹ fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fọwọ́ kan erè, àpótí rẹ̀ tàbí àwo omi rẹ̀. Ẹ má ṣe fọ àwo náà níbi tí ẹ ti ń fọ ìkòkò ọbẹ̀. Bí ó bá kú, ẹ má ṣe jẹ ẹ́, ẹ má sì tà á fún ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Ẹ gbẹ́ ihò tí ó jìn, ẹ sin ín, kí ẹ sì sun ìwé ìròyìn àti aṣọ tí ó sùn lé.

Bí ó bá sàn, tí dókítà sì ti ní abẹ́rẹ́ ti tó, ẹ má ṣe yára bọ́ ọ. Ẹ fún un ní ọjọ́ díẹ̀ nínú ooru. Eku kékeré kan ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un, kì í ṣe ńlá. Bí ó bá pọ̀ ọ́, ẹ kó o kúrò, kí ẹ sì dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó fún un ní òmíràn.