Kí Ló Jẹ Dátà Màmá Mi?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá mi pè mí láti Ìbàdàn. Ohùn wọn le díẹ̀.

"Orin ọ̀fẹ́ tí o ní kí n máa gbọ́ yìí ti jẹ gbogbo dátà mi. Ọmọ àbúrò rẹ sì ń ta géèmù látàárọ̀, tiẹ̀ ò tán!"

Ojú tì mí. Èmi tí mo ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ní London níbí ni mo fi líǹkì yẹn ránṣẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Orin orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ti gé e sí wẹ́wẹ́. Bí fóònù ṣe ń kọ ègé kan, ló ti ń gba èyí tó kàn. Tí orin bá ń wá ní kílóbíìtì 128 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á gba nǹkan bíi 58 MB ní wákàtí kan. Ìyẹn ò burú. Àmọ́ fídíò ni màmá mi ṣí. Wọ́n dojú fóònù délẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n ń ro àmàlà wọn lọ. Fóònù ò kúkú mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń wòran. Gbogbo àwòrán yẹn ṣáà ń wọlé ni, àwòrán sì wúwo ju ohùn lọ fíìfíì. Ìpolówó ọjà tó ń já lu orin náà, dátà wọn ló ń jẹ. (Èyí máa ń bí mi nínú jù.)

Ọ̀pọ̀ géèmù inú bùráúsà ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo 2048, tí Gabriele Cirulli ṣe ní 2014. Kóòdù rẹ̀ á wọlé lẹ́ẹ̀kan, fóònù fúnra rẹ̀ á sì máa ṣe ìṣirò yòókù. Dáínósọ̀ inú Chrome ńkọ́? Ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ gan-an ló máa ń yọjú. Àmọ́ tó bá jẹ́ èyí tẹ́ ẹ̀ ń bá ẹni tó wà lọ́nà jíjìn ta, dátà ò ní ṣàì máa lọ.

Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, kẹ́ ẹ tó fi líǹkì orin ránṣẹ́ sílé, ẹ wò ó bóyá fídíò ni. Mo ní kí màmá mi fa àwòrán wálẹ̀ sí 144p.

"Ṣé orin ò ní bàjẹ́?"

"Ẹ gbọ́ ọ wò ná, mà."

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọ́n tún pè. Dátà ṣì wà. Wọ́n ní kí n wá kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń ta 2048.