Ẹ Má Gé Wáyà Ilẹ̀ Nítorí Ariwo

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọwọ́ ara yín to áńpílífáyà, ẹ̀rọ tí ń sọ ohùn di ńlá, ẹ gbọ́ o. Bí ẹ bá tan ẹ̀rọ náà tán, tí sípíkà sì ń hùn bí oyin inú igi, àwọn kan á gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ gé wáyà ilẹ̀ tí ó wà nínú púlọ́ọ̀gì. Òótọ́ ni, híhùn náà lè dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ti lé ọdẹ tí ń ṣọ́lé lọ nítorí pé ó ń wúkọ́.

Iná 230 fóólítì ni ó ń ti ara ògiri wọ inú àpótí irin yín. Bí wáyà tí ó gbé e wọlé bá já, tàbí tí ooru yọ́ rọ́bà ara rẹ̀, tí ó sì kan àpótí, gbogbo àpótí di iná. Bí wáyà ilẹ̀ bá wà, iná á gba ibẹ̀ ya lọ pẹ̀lú agbára tí yóò já fíúsì lójú kan náà. Bí kò bá sí, àpótí á jókòó jẹ́ẹ́ títí ọwọ́ ẹnìkan yóò fi kàn án. Fíúsì áńpù 3 kò ní í gba onítọ̀hún sílẹ̀. Bí a bá pín áńpù kan sí ọ̀nà 1,000, 50 péré nínú rẹ̀ lè da lílù ọkàn rú.

Ní ọdún 1972, ní ìlú Swansea ní ilẹ̀ Wales, Leslie Harvey, tí ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ Stone the Crows, di maikirofóònù mú lórí ìtàgé nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kejì wà lára okùn gìtá. Maikirofóònù náà kò ní wáyà ilẹ̀ bí ó ti yẹ. Iná gbé e, ó sì kú ní ọmọ ọdún 27.

Kí ni kí a wá ṣe sí híhùn? Ẹ fi wáyà ilẹ̀ sílẹ̀ ní àyè rẹ̀. Ẹ ha ọ̀dà kúrò lára irin, kí ẹ sì fi bóòtì tirẹ̀ nìkan dè é mọ́ ibẹ̀, kì í ṣe bóòtì tí ó di tírańsífọ́mà mú. Ohun tí ó sábà ń fa híhùn ni pé wáyà ilẹ̀ pàdé ní ojú méjì, iná wá ń rìn yípo láàrin wọn. Nítorí náà, ẹ kó gbogbo wáyà ilẹ̀ ti ohùn wá sí ojú kan ṣoṣo, kí ojú kan yìí sì kan àpótí ní ẹ̀ẹ̀kan péré.

Kàpásítọ̀ ńkọ́? Ìkòkò omi ni: ẹ yọ púlọ́ọ̀gì tán, iná ṣì wà nínú rẹ̀. Nínú àwọn ẹ̀rọ tí ń lo fáàfù bíi rédíò àtijọ́, ó lè ju 400 fóólítì lọ. Ẹ so résítọ̀ mọ́ ọn tí yóò máa fa iná náà gbẹ, kí ẹ sì fi mítà wọ̀n ọ́n kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ihò kẹta lára sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé yín pẹ̀lú lè jẹ́ ihò lásán, láìsí wáyà kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ pe oníṣẹ́ iná kí ó wò ó dé ibi ọ̀pá tí a rì mọ́lẹ̀, kí ẹ tó ki púlọ́ọ̀gì bọ̀ ọ́.