Ọjọ́ Kan ní Bangkok: Ojú Ni A Fi Wò Ó

Àwọn oníṣòwò wa tí ń lọ ra aṣọ ní Bangkok, olú-ìlú Thailand, kò kéré. Wọn a dé ọjà Pratunam, wọn a di ẹrù wọn, wọn a sì padà wálé láì rí ìlú. Èmi náà bá baálé mi lọ. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni a rí yà sọ́tọ̀ fún ìríran, ọkàn mi kò sì balẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ó ń bà mí lẹ́rù: kí n má lọ ṣẹ Ọlọ́run nínú tẹ́ḿpìlì àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, kí n má jẹ hàráàmù láìmọ̀, kí ìrun má sì bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọlọ́run ṣe é, obìnrin Mùsùlùmí kan tí a bí sí ìlú náà ni ó mú wa káàkiri. Nígbà tí mo sọ ohun tí ó wà lọ́kàn mi fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá, láti ayé àwọn baba ńlá wa ni àwa àti àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ti jọ ń gbé. Ojú ni ẹ ó fi wò ó. Kò sí ẹni tí yóò ní kí ẹ wólẹ̀."

ÒDÒDÓ NÍ ÒWÚRỌ̀

Ọjà òdòdó tí wọ́n ń pè ní Pak Khlong Talat ni a kọ́kọ́ dé, létí odò Chao Phraya. Tọ̀sán tòru ni wọ́n ń tajà níbẹ̀. Òdòdó aláwọ̀ ìyeyè kún inú àpò bí ẹni kó gààrí, àwọn obìnrin sì jókòó, wọ́n ń sín òdòdó funfun olóòórùn dídùn bí ẹni sín ìlẹ̀kẹ̀. Ọwọ́ wọn yá, ẹnu wọn kò sì dákẹ́. Mo ní, ọjà ni ọjà ń jẹ́, níbi gbogbo.

Láti ibẹ̀ a lọ sí Wat Pho. Ẹni tí yóò wọ tẹ́ḿpìlì wọn gbọ́dọ̀ bo èjìká àti orúnkún, kí ó sì bọ́ bàtà. Àwọn àlejò tí ó wọ ṣòkòtò kúkúrú ń wá aṣọ tí wọn ó ró mọ́ra. Èmi tí mo wọ bùbá àti ìró, tí mo fi ìborùn bo orí, kò sí ẹni tí ó bi mí ní nǹkan. Ère Búdà tí ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ níbẹ̀ gùn ní mítà 46, ó sì ga ní mítà 15. Wúrà ni wọ́n fi bò ó. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó yà mí lẹ́nu jù: àwòrán 108 ni wọ́n fi ìkarahun tí ń dán ṣe sí i. Mo wò ó bí mo ti ń wo iṣẹ́ oníṣọ̀nà, mo sì jáde.

ẸLẸ́TÀN LẸ́NU Ọ̀NÀ

Bí a ti ń bọ̀ níta, ọkùnrin kan tí ó múra dáadáa pàdé wa. Ó ní wọ́n ti Ààfin Ọba lónìí nítorí ọdún, pé kí a gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní tuk-tuk, irú èyí tí àwa ń pè ní kẹ̀kẹ́ Márúwá, yóò gbé wa lọ síbi tí ó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Baálé mi ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú rẹ̀! Afinimọ̀nà wa sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ ní èdè wọn, ọkùnrin náà sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù òkúta iyebíye ni irú wọn máa ń gbé àlejò lọ, níbi tí wọ́n ti ń ta á lówó gọbọi. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹnu ọ̀nà Ààfin gan-an ni kí ẹ ti béèrè bóyá ó ṣí.

MỌ́ṢÁLÁṢÍ TÍ KÒ NÍ KÚBÀ

Ọkọ̀ ojú omi gbé wa kọjá sí Wat Arun, tẹ́ḿpìlì tí ilé gogoro rẹ̀ ga ju mítà 70 lọ, tí wọ́n sì fi àfọ́kù tánńganran ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ibẹ̀ ni Àìlà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó, àyà mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í já. Obìnrin náà ní, "Ẹ má ṣèyọnu." Ó mú wa lọ sí mọ́ṣáláṣí Bang Luang, tí kò jìnnà síbẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí wọn kò bá sọ fún mi, n kò bá ti kọjá lára rẹ̀! Kò ní kúbà, òrùlé rẹ̀ dàbí ti àwọn ilé àtijọ́ Thailand, gbogbo rẹ̀ sì funfun. Wọ́n ní òpó 30 tí ó gbé e ró dúró fún ìpín 30 inú Àlùkùránì. Fèrèsé 12 àti ilẹ̀kùn 1 sì dúró fún òpó 13 tí ìrun dúró lé. Mo ṣe àlùwàlá, mo sì kí ìrun mi lásìkò. Èdè àwọn ará ibẹ̀ kò yé mi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ "Alláhù Àkíbárù," ó dàbí ẹni pé ilé ni mo wà.

OÚNJẸ TÍ Ó DÁ NI LÓJÚ

Ní ilé oúnjẹ Mùsùlùmí kan ni a ti jẹ khao mok: ìrẹsì tí àtalẹ̀ pupa sọ di aláwọ̀ ìyeyè, adìyẹ rì sí abẹ́ rẹ̀, àlùbọ́sà dídín wà lórí rẹ̀. A tún jẹ ọbẹ̀ massaman, tí wọ́n fi omi àgbọn, ẹ̀pà, pòtétò àti ẹran sè. Wọ́n ní láti inú ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí ó túmọ̀ sí Mùsùlùmí ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Máńgòrò pẹ̀lú ìrẹsì tí ń lẹ̀ mọ́wọ́ ni a fi pa á.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. "Mu" ni ẹlẹ́dẹ̀ ní èdè wọn, ó sì pọ̀ nínú oúnjẹ ìgboro. Kí ẹ sọ pé kí wọ́n má fi sí i kò tó, nítorí ìkòkò kan náà ni wọ́n lè fi sè é. Àmì hàláàlì ni kí ẹ máa wò lára ilé oúnjẹ àti lára ọjà inú páálí.

WÚRÀ INÚ ÀMỌ̀

Wat Traimit ni a parí rẹ̀ sí, ní àdúgbò àwọn ará Ṣáínà. Ère kan wà níbẹ̀ tí gbogbo ayé rò pé amọ̀ lásán ni. Ní 1955, bí wọ́n ti ń gbé e kúrò níbìkan, ó já bọ́, ara rẹ̀ sán, wúrà sì yọ: nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 5.5! Wọ́n ní àwọn àgbà ni wọ́n ti fi amọ̀ bò ó kí ogun má baà kó o lọ, àwọn tí ó mọ̀ sì ti kú tán.

Mo rò ó títí. Ẹ̀rù mẹ́ta ni mo gbé dé Bangkok, n kò gbé ọ̀kan padà. Ẹni tí ó mọ ohun tí ó gbà gbọ́, kò sí ìlú tí kò lè fi ojú wò. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ̀yin baálé, ẹ mú ìyàwó yín dání. Ẹ fi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún un, kí ẹ sì wá afinimọ̀nà tí ó mọ ibi tí ìrun wà. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ wa lọ, ṣọ́ wa bọ̀. Àmín.