Ìdí Tí Àwọn Tó Ń Kọ́ Iṣẹ́ Dókítà Fi Ń Gbé Ẹ̀gbẹ́ Ọsibítù



Nígbà ìsinmi tó kọjá, Màmá mi mú mi láti Kàdúná lọ sí Ìbàdàn láti lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì ti wọ ọdún kẹrin. Inú mi ti ń dùn pé mo máa tún rí ọgbà ẹranko tó wà nínú UI. Àfi bí ọkọ̀ wa ṣe kọjá ẹnu géètì UI tí kò dúró! Mo pariwo pé dẹ́rẹ́bà ti ṣì í. Màmá mi ní kò ṣì í rárá. A gba Bódìjà, a kọjá Sẹkitéríátì, a já sí Òrìta Mẹ́fà, ó di ọsibítù UCH.

Inú ọgbà ọsibítù yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé báyìí, ní họ́sítẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní Alexander Brown Hall. Ká sọ tòótọ́, àánú ẹ̀ ṣe mí. Ọdún mẹ́ta ló fi gbé inú ọgbà UI, ó ní àwọn ọ̀rẹ́ tó ń kọ́ òfin àti àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ó fi gbogbo wọn sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Mo bi í pé ṣé wọ́n lé wọn kúrò ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá ṣàlàyé fún mi.

Ọdún mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ wọn. Ní ọdún kìíní, àwọn àti àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì yòókù á jọ kọ́ físíìsì, kẹ́mísírì àti bàyọ́lọ́jì. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á kọ́ bí ara èèyàn ṣe rí àti bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Òkú gan-an ni wọ́n ń là o! Mo bi í bóyá ẹ̀rù bà á. Ó ní òórùn oògùn tí wọ́n fi tọ́jú òkú ló dààmú òun, pé ó máa ń ta sí òun lójú. Inú ọgbà UI ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá yege ìdánwò ńlá tó parí apá yẹn ló máa kó ẹrù lọ sí UCH, torí pé ara aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti máa kẹ́kọ̀ọ́ báyìí. Láàárọ̀, dókítà àgbà á máa lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á máa tẹ̀ lé e, á máa bi wọ́n ní ìbéèrè lójú aláìsàn. Ojú máa ń tini gan-an téèyàn ò bá mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti ìtọ́jú eyín náà ń lọ sí UCH, àmọ́ inú ọgbà UI ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn apòògùn wà ní tiwọn.

Kò rí báyìí níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí yunifásítì náà bẹ̀rẹ̀ ní 1948, Eléyélé ló wà, nínú ilé tí àwọn ọmọ ogun fi ṣe ọsibítù nígbà ogun. (Ẹ ò rí i pé inú ọsibítù ni UI fúnra ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀!) Kò tíì sí ọsibítù ńlá tí wọ́n lè fi kọ́ni, torí náà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ìgbà yẹn ní láti lọ parí ẹ̀kọ́ wọn ní ìlú òyìnbó. Ní 1957 ni wọ́n ṣí UCH.

Àwọn yunifásítì míì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Zaria tó wà nítòsí wa níbí, Sàmárù ni ọgbà ńlá ABU wà, Shíkà ni ọsibítù wọn wà. Ní Èkó, Àkọkà àti Ìdí-Àràbà ni.

Tẹ́lẹ̀, a máa ń fi mátírọ́ọ̀nù wa ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ilé ìtọ́jú aláìsàn ló ń sùn bíi ọlọ́dẹ. Àmọ́ ní táámù tó kọjá, ikọ́ fée gbé ọmọ kíláàsì wa kan ní òru, kò lè mí dáadáa. Kí n tó sáré délé mátírọ́ọ̀nù kí n sì padà, ó ti ṣáájú mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ká ní ìgboro ló ń gbé ńkọ́?

Ní alẹ́ ọjọ́ tí a wà ní UCH, a gbé mọ́ínmọ́ín dání fún ẹ̀gbọ́n mi. Kò tíì tú ewé àkọ́kọ́ tí fóònù ẹ̀ fi dún. Wọ́ọ̀dù àwọn aboyún ló ti ń ṣiṣẹ́ lásìkò yẹn. Iye ìbímọ kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ fojú ara wọn rí, tí wọ́n á bá wọn fọwọ́ sí i nínú ìwé, obìnrin tó ń rọbí ò sì ní dúró de kí mọ́tò dé láti UI. Ó kó kóòtù funfun ẹ̀, ó sáré jáde, kò tiẹ̀ dágbére. A dúró dè é títí di aago mẹ́sàn-án, kò padà. A gbé mọ́ínmọ́ín fún ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló pè wá. Ó ní ìbejì ni. Mo bi í bóyá wọ́n kọ ọ́ ní méjì sínú ìwé ẹ̀, ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fọwọ́ sí i. Ó tún ní ọ̀rẹ́ òun ti jẹ mọ́ínmọ́ín náà tán.